Àdán Ajèso àti Mọ́ọ̀sì Orí Àpáta: Ohun Tó Pa Wọ́n Pọ̀ àti Ohun Tó Yà Wọ́n

Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Èrèlé, ọmọ ọmọ mi kó ìwé rẹ̀ wá bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi tán, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo iṣẹ́ yìí. Tísà wa ní ká fi àdán tó ń jẹ èso wé mọ́ọ̀sì tó ń hù lórí àpáta, mi ò sì mọ ibi tí màá ti mú un." Ó ti fa ìlà sí àárín ojú ewé. Ní apá kan ó kọ àdán, ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé "ẹyẹ òru". Ní apá kejì ó kọ mọ́ọ̀sì, ó kọ sábẹ́ rẹ̀ pé "ìdọ̀tí ara ògiri".

Ọdún 31 ni mo fi kọ́ báọ́lọ́jì kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ̀ pé ohun tí ọmọ yìí kọ náà ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà yóò kọ bí a bá gbé bírò lé wọn lọ́wọ́. Àdán kì í sún mọ́ wa kí a lè wò ó dáadáa. Mọ́ọ̀sì, ohun aláwọ̀ ewé tó rọ̀, tó máa ń bo àpáta àti ògiri tó tutù, kéré débi pé ẹsẹ̀ la fi ń tẹ̀ ẹ́ kọjá. Ìdí rèé tí mo fi jókòó kọ ohun tí èmi àti òun jọ sọ, torí ó dá mi lójú pé ilé tiwa nìkan kọ́ ni ìbéèrè yìí ti máa wáyé.

Ẹ jẹ́ ká mú àdán ṣáájú. Òwe tí a ń pa nípa rẹ̀ ti sọ òótọ́ tipẹ́: àdán dorí kodò, ó ń wòṣe ẹyẹ. Ìṣe ẹyẹ ló ń wò. Òwe náà kò sọ pé ó bá ẹyẹ tan. Ẹyẹ ń yé ẹyin, àdán ń bímọ. Ẹyẹ ní ìyẹ́ lára, irun ló bo àdán. Ẹyẹ ní àgógó, àdán ní eyín àti ètè. Ọmọ rẹ̀ ń mu ọmú láyà ìyá rẹ̀ bí ọmọ ènìyàn ṣe ń mu ún. Agbo kan náà ni àdán, ewúrẹ́, ọ̀bọ àti àwa fúnra wa wà, ìyẹn agbo afọ́mọlọ́mú, àdán nìkan ló sì ń fò ní tòótọ́ nínú gbogbo agbo náà.

Ohun tó fi ń fò yẹn, ọwọ́ ni. Ẹ na ọwọ́ yín síwájú, kí ẹ ro ó pé ìka mẹ́rin gùn jàn-ànràn jan-anran, kí awọ tó fẹ́lẹ́ bí ọ̀rá tẹ́ láti orí ìka kan dé èkejì títí dé ìhà àti ẹsẹ̀, kí àtàǹpàkò nìkan yọrí sókè bí ìwọ̀. Ọwọ́ àdán nìyẹn. Chiroptera ni àwọn onímọ̀ ń pe gbogbo ìran àdán. Inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti mú orúkọ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ọwọ́ tó di ìyẹ́.

Irú àdán tó wà láyé lé ní 1,400. Àwọn tó kéré, tó máa ń wọ inú àjà ilé wa, kòkòrò ni tiwọn: wọ́n ń mú ẹ̀fọn àti kòkòrò mìíràn jẹ lóru, ìró ohùn ara wọn tó bá kan nǹkan tó sì padà sí etí wọn ni wọ́n fi ń mọ ọ̀nà. Àdán ajèso kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdílé tirẹ̀, tó tó nǹkan bí irú 200 ní Áfíríkà, Éṣíà àti agbègbè Ọsirélíà, ojú àti imú ni púpọ̀ nínú wọn gbójú lé. Ẹ wo ojú rẹ̀ nínú àwòrán: ó tóbi rogodo, orí rẹ̀ sì gùn bí ti ajá.

Èyí tí àwa níhìn-ín mọ̀ jù ni Eidolon helvum. Àwọ̀ irun ọrùn rẹ̀ dà bí koríko gbígbẹ. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju gíráàmù 230 sí 350 lọ, kò wúwo ju búrẹ́dì kékeré kan, ṣùgbọ́n bó bá na apá rẹ̀ méjèèjì, ó lè tó sẹ̀ǹtímítà 76 láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Ẹni tó bá ti kàwé ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ mọ̀ ọ́n, torí wọ́n máa ń so rọ̀ ní rẹ́gẹrẹ̀gẹ mọ́ igi inú ọgbà náà, ariwo wọn kì í sì í dákẹ́. Kì í gbé ojú kan. Ó ń tẹ̀ lé òjò àti èso láti ìlú dé ìlú, láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Láàárín oṣù Ọ̀wàrà sí Ọ̀pẹ lọ́dọọdún, wọ́n máa ń péjọ sí igbó Kasanka ní Zambia débi pé ojú ọ̀run á ṣú dùdù bí wọ́n bá gbéra ní ìrọ̀lẹ́.

Níbi tí mo bá a dé nìyí tí ọmọ náà fi béèrè ohun tí mo ti ń retí. "Màmá, ṣé òótọ́ ni pé ẹnu tí àdán fi ń jẹun náà ló fi ń yàgbẹ́?"

Gbogbo ilé Yorùbá ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Mo fẹ́ dúró síbí díẹ̀, torí àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ kò purọ́. Wọ́n rí nǹkan, wọ́n sì sọ ohun tí wọ́n rí. Bí ẹ bá lọ sábẹ́ igi fúrúùtù tàbí igi máńgòrò láàárọ̀ kùtù, ẹ ó rí àwọn nǹkan kékeré tó gbẹ, tó rí bí òwú tí ènìyàn jẹ lẹ́nu tó sì tu dànù. Ẹnu àdán ló ti jáde lóòótọ́. Bí ó bá já èso, yóò rún un, yóò fi ahọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ àjà ẹnu rẹ̀ títí omi rẹ̀ yóò fi jáde tán. Omi aládùn náà ló máa gbé mì. Háhá rẹ̀ ni yóò tu dànù. Bí àwa ṣe ń jẹ ìrèké gan-an nìyẹn. Ẹni tó ń fò kò fẹ́ ẹrù nínú ikùn.

Ìgbẹ́ rẹ̀ gan-an ń gba ìdí jáde bí ti gbogbo ẹran. Ṣùgbọ́n ẹni tó dorí kodò, báwo ló ṣe ń ṣe é tí kò fi dà sí i lára? Bí ó bá ti ń gbọ̀n ọ́n, yóò fi ìwọ̀ àtàǹpàkò méjèèjì di ẹ̀ka mú, yóò jẹ́ kí ẹsẹ̀ wá sísàlẹ̀, orí á wá sókè, yóò ṣe tirẹ̀ tán, yóò sì padà dorí kodò. Nígbà mìíràn, orí ìfò ló ti ń ṣe é, àwọn tó ń fọ mọ́tò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí, mọ́ọ̀sì. Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé a kó ohun mẹ́ta pọ̀, a ń fi ojú kan wò wọ́n. Ẹ fi ọwọ́ kàn án. Bó bá ń yọ̀ bí ilá, tí ẹsẹ̀ fẹ́ yọ̀ lórí rẹ̀ lẹ́bàá kànga, ewé omi ni, ohun tí wọ́n ń pè ní algae. Bó bá lẹ̀ mọ́ àpáta pẹ́kípẹ́kí bí ọ̀dà tó gbẹ, tó funfun tàbí tó ní àwọ̀ eérú, tí èékánná kò lè hó o dáadáa, lichen nìyẹn, ìyẹn ohun ẹlẹ́mìí inú ìran olú àti ewé omi tó jọ ń gbé pọ̀ bí ẹni tó bá ara wọn da owó. Ṣùgbọ́n bó bá rọ̀ bí tìmùtìmù, tí ẹ bá tẹjú mọ́ ọn tí ẹ rí igi tínńtín àti ewé tínńtín lára rẹ̀, mọ́ọ̀sì lẹ rí yẹn. Ewéko ni, bí ẹ̀fọ́ ṣe jẹ́ ewéko. Nǹkan bí irú 12,000 ló wà.

Àwọn kan nínú wọn ti sọ àpáta di ilé. Ìran kan wà tó ń jẹ́ Grimmia, tí wọ́n fi orúkọ Johann Grimm, oníṣègùn ará Jámánì, sọ. Nínú rẹ̀ ni Grimmia pulvinata wà, tó ń hù lórí àpáta àti ògiri olókùúta ní ilẹ̀ Yúróòpù àti ní ọ̀pọ̀ ibi mìíràn láyé. Ó ń hù ní ìdìpọ̀ roboto, gíga rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì lọ. Ṣóńṣó ewé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan yọ irun funfun, débi pé bí ẹ bá wò ó lókèèrè, ẹ ó rò pé ewú ló hù lórí àpáta. Irun yẹn ń dá oòrùn padà, ó sì ń gba ìrì. Èyí tó wà lára àpáta àti ògiri tiwa ní Òṣogbo kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú rẹ̀, àmọ́ bí ara wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ jọra, nítorí náà ohun tí mo bá sọ nípa tibẹ̀ ye ẹni tó bá wo tiwa.

Mọ́ọ̀sì kò ní gbòǹgbò. Àwọn okùn kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ìdákọ̀ró lásán ni, wọ́n kàn fi dì mọ́ òkúta ni. Kò sì ní iṣan ńlá tó ń fa omi láti ìsàlẹ̀ lọ sókè bí ti igi, ìdí nìyẹn tí kò fi lè ga. Gbogbo ara rẹ̀ ló fi ń mu omi. Ewé rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé ní ọ̀pọ̀ ibi, sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni nínípọn rẹ̀. Òjò rọ̀ sí i lára, ó wọlé. Oòrùn ràn, ó jáde.

Ibí yìí ni mo ti rò pé ìyàtọ̀ tó jinlẹ̀ jù láàárín àwọn méjèèjì wà, ju ọ̀rọ̀ pé ọ̀kan ń fò, èkejì kì í rìn. Ọ̀rọ̀ omi ni. Àdán dà bí ìkòkò tí a dé: omi tó wà nínú ara rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín kù ju ìwọ̀nba lọ, kíndìnrín rẹ̀ àti awọ rẹ̀ ló ń ṣọ́ ọ, bí omi náà bá sì jò jù, ẹ̀mí bọ́. Mọ́ọ̀sì dà bí kànrìnkàn. Kò sí ìdérí. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, òun náà á gbẹ. Bí afẹ́fẹ́ bá tutù, òun náà á tutù.

Mo ní kí ọmọ náà dìde, ká lọ sẹ́yìnkùlé. Ọyẹ́ kò tíì lọ tán, ètè gbogbo wa ń là. Lára ògiri kànga àtijọ́ tó wà níbẹ̀, mọ́ọ̀sì ti di aláwọ̀ ilẹ̀, ó ká jọ, bí a bá fi ọwọ́ kàn án ó ń dún bí ewé gbígbẹ. "Màmá, ó ti kú," ó sọ. Mo ní kó bu omi sínú ife, kó wọ́n ọn síbẹ̀, ká sì jókòó sórí àpótí ká máa wò ó. Kò pẹ́ rárá. Àwọn ewé tó ká bẹ̀rẹ̀ sí í na ara wọn. Àwọ̀ ilẹ̀ yẹn ń lọ, àwọ̀ ewé ń bọ̀. Ọmọ náà gbé ojú rẹ̀ sún mọ́ ọn débi pé imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri, ó sì figbe ta, ó ní, "Ó ń jí!"

Kò kú tẹ́lẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ mọ́ọ̀sì orí àpáta lè pàdánù omi ara wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, kí gbogbo iṣẹ́ inú ara wọn dá dúró, kí wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù tó pọ̀. Ṣúgà kan wà nínú sẹ́ẹ̀lì wọn tó ń gba ipò omi, tí kò jẹ́ kí ohun inú rẹ̀ wó lulẹ̀. Lọ́dún 2014, àwọn olùwádìí kéde pé mọ́ọ̀sì tí wọ́n wà jáde láti inú yìnyín ní erékùṣù Signy, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Antarctica, tún hù lẹ́yìn tó ti lo ohun tó lé ní ọdún 1,500 nínú yìnyín. Ẹran wo ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ nínú àwa afọ́mọlọ́mú? Kò sí.

Síbẹ̀, ọgbọ́n ìdúró kò ṣàjèjì sí àdán. Ó kàn jẹ́ pé ọ̀nà mìíràn ló gbà ń dúró. Ní Ùgáńdà ní àwọn ọdún 1960, wọ́n ṣàkíyèsí Eidolon helvum, wọ́n rí i pé láàárín oṣù Igbe sí Òkúdù ni akọ ń gun abo. Ẹyin àti àtọ̀ ti pàdé, oyún ti bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lẹ̀ mọ́ ilé ọmọ. Ó wà níbẹ̀ jẹ́ẹ́, kò dàgbà, fún oṣù púpọ̀, títí òjò oṣù Ọ̀wàrà sí Bélú fi dé. Ìgbà yẹn ló tó lẹ̀ mọ́ ilé ọmọ, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, kí ìbí lè bọ́ sí àkókò tí oúnjẹ yóò pọ̀. Ìyá àdán ń ka òjò nínú ikùn. Mọ́ọ̀sì ń ka òjò lórí òkúta.

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ ìbí, ọmọ náà bi mí pé irúgbìn mọ́ọ̀sì dà. Kò ní irúgbìn. Kò ní òdòdó, kò sì ní èso. Bó ṣe ń bímọ yani lẹ́nu, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà á.

Lórí ewéko kékeré yẹn, apá kan wà tó ń ṣe àtọ̀, apá kan wà tó ń ṣe ẹyin, nígbà mìíràn lórí ìdí kan náà, nígbà mìíràn lórí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àtọ̀ mọ́ọ̀sì ní ìrù méjì, ó sì ń lúwẹ̀ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, àtọ̀ ewéko ń lúwẹ̀ẹ́ bí ti àdán, bí ti ènìyàn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé inú ara abo ni ti àdán ti ń lúwẹ̀ẹ́, níbi tí omi kò ti lè gbẹ. Ti mọ́ọ̀sì ń lúwẹ̀ẹ́ nínú omi òjò tàbí ìrì tó bo orí ewé. Bí omi kò bá sí lọ́jọ́ náà, kò sí ìgbéyàwó.

Bí àtọ̀ bá dé ọ̀dọ̀ ẹyin, ọmọ á bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà lórí ìyá rẹ̀ gan-an. Ìyá ń fún un ní oúnjẹ nípasẹ̀ ibi tí ara wọn ti so pọ̀, orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko sì fún ibẹ̀ ni placenta, orúkọ kan náà tí àwọn dókítà ń pe ibi ọmọ, èyí tí a máa ń sin sílẹ̀ nígbà tí a bá bímọ. Mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ kíláàsì, ó sì máa ń mú mi dákẹ́ díẹ̀ lójoojúmọ́ tí mo bá kọ́ ọ. Àdán ní ibi ọmọ. Mọ́ọ̀sì náà ní tirẹ̀. Ìran ẹran àti ìran ewéko kò gba ọgbọ́n yìí láti ọ̀dọ̀ ara wọn. Kálukú ló dá ọgbọ́n náà rí, torí pé ọmọ tí ìyá bá bọ́ máa ń lókun.

Ọmọ mọ́ọ̀sì yẹn a yọ bí igi ìṣáná tínńtín, pẹ̀lú kókó kan lórí. Kì í kúrò lára ìyá rẹ̀ títí láé. Nínú Grimmia pulvinata, bí igi yẹn bá tutù, ọrùn rẹ̀ máa ń tẹ̀, kókó orí rẹ̀ á sì wọ inú tìmùtìmù, ó dorí kodò bí àdán. Bí ó bá gbó, kókó náà á ṣí, lẹ́búlẹ́bú bí àtíkè á tú jáde, atẹ́gùn á sì gbé e lọ. Èyí ni sípọ́ọ̀. Èyíkéyìí nínú rẹ̀ tó bá bọ́ sórí òkúta tó tutù lè di mọ́ọ̀sì tuntun. Ọ̀kẹ́ àìmọye ló ń sọ nù. Àdán kò lè fi ọmọ ṣòfò bẹ́ẹ̀: ẹyọ ọmọ kan ló ń bí lọ́dún. Ó ń gbé e mọ́ àyà fò ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń fún un lọ́mú, títí tí apá tirẹ̀ yóò fi le.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń da àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rú jù níbí, àdìrẹ ni mo sì máa fi ń tú u fún wọn, torí ọmọ Òṣogbo ni wá. Ara gbogbo ohun ẹlẹ́mìí ní àwòṣe tó ń tẹ̀ lé, tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Ẹ̀dà méjì ni àwòṣe àdán, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá, bí alárò tó ní bébà àwòṣe méjì fún aṣọ kan. Mọ́ọ̀sì tí ẹ ń rí lórí àpáta, èyí tó ní ewé yẹn, ẹ̀dà kan ṣoṣo ló ní. Igi ìṣáná tó yọ lórí rẹ̀ ló ní méjì. Ìyẹn ni pé ìyá àti ọmọ jọ so pọ̀, síbẹ̀ iye àwòṣe wọn kò dọ́gba. Èdè tí a fi kọ àwòṣe náà, ti àdán, ti mọ́ọ̀sì, tiwa, ọ̀kan náà ni, lẹ́tà mẹ́rin péré.

Ní ti oúnjẹ, n kò fẹ́ fa ọ̀rọ̀ gùn. Mọ́ọ̀sì ń fi oòrùn, afẹ́fẹ́ àti omi se ṣúgà fún ara rẹ̀. Àdán ń lọ jẹ ṣúgà tí igi ti sè.

Ẹ wá wo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nínú igbó, torí ohun tó ń dùn mí nìyí. A ń fi òkò lé àdán lórí igi. A ń pa á. Ní gúúsù Gánà, ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2011 fojú bù ú pé ó kéré tán, 128,000 ni wọ́n ń tà fún jíjẹ lọ́dún kan. Ẹran tó ń bí ẹyọ kan lọ́dún kò lè yára dí àlàfo bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ Eidolon helvum sára àwọn tó ti ń sún mọ́ ewu píparẹ́. Bẹ́ẹ̀ òun ló ń jẹ èso ìrókò, tó ń gbé wóró rẹ̀ kéékèèké sínú ikùn, tó sì ń ṣu wọ́n sí ibi tó jìnnà sí ìdí ìyá wọn. Ó lè rin ọ̀pọ̀ kìlómítà lóru kan láti wá oúnjẹ, kò sì bẹ̀rù láti kọjá lórí oko tí a ti gé igi rẹ̀ tán, níbi tí ọ̀bọ kò lè dé. Òdòdó irúgbá tó pupa, tó rí roboto bí bọ́ọ̀lù, tó so rọ̀ lórí okùn gígùn, alẹ́ ló ń ṣí, àdán ló sì ń dúró dè. Àdán yìí àti àwọn ẹbí rẹ̀ kéékèèké ń wá lá omi aládùn inú rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú akọ á lẹ̀ mọ́ wọn lára, wọ́n á gbé e lọ sí òdòdó mìíràn. Irú tí a ń dà sínú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ lọ́sàn-án òní, àdán lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Òdòdó àràbà náà, àdán ń bẹ̀ ẹ́ wò.

N kò sọ pé kí ẹ gbé e sọ́wọ́ o. Lọ́dún 1956, ní Erékùṣù Èkó, wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì kan nínú ọpọlọ Eidolon helvum, tó jẹ́ ọmọ ìyá fáírọ́ọ̀sì dìgbòlugi; Lagos bat virus ni wọ́n sọ ọ́. Ní Bangladesh, omi ọ̀pẹ déètì tí àdán ajèso tí kì í ṣe irú tiwa ti bà jẹ́ ti kó àrùn Nipah ran àwọn tó mu ún. Ẹ má fi ọwọ́ lásán mú àdán, ẹ má jẹ èso tí eyín rẹ̀ ti kàn, kí ẹ fọ èso dáadáa, kí adẹ́mu sì dé akèrègbè rẹ̀ lórí ọ̀pẹ. Bí ó bá wà lórí igi tirẹ̀ tí ẹ̀yin wà nílé tiyín, kò sí ìjà.

Mọ́ọ̀sì náà ní iṣẹ́ tirẹ̀, iṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Àpáta lásán kò lè gba igi. Eruku ń fẹ́ kọjá lórí rẹ̀, òjò ń fọ̀ ọ́ lọ. Ibi tí mọ́ọ̀sì bá ti dé, eruku á há sáàárín ewé rẹ̀, èyí tó kú nínú rẹ̀ á jẹrà mọ́ eruku náà, òkúta abẹ́ rẹ̀ á máa rún díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ilẹ̀ tínńtín kan á ti wà níbi tí kò sí ilẹ̀ rí, ilẹ̀ náà á sì máa di omi mú fún wákàtí púpọ̀ lẹ́yìn tí òjò bá dá. Bí mọ́ọ̀sì bá wà lára ère tàbí ògiri sìmẹ́ńtì, omi tó ń dì mú yẹn lè jẹ́ ìyọnu, n kò sì bá ẹni tó ń fi pẹ̀lẹ́tù fọ ère jà. Lórí àpáta inú igbó, ẹ fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, mo mú ọmọ náà lọ sí Igbó Ọ̀ṣun, èyí tí àjọ UNESCO kọ sínú ìwé ogún gbogbo ayé lọ́dún 2005. Ó ti máa ń lọ síbẹ̀ nígbà ọdún Ọ̀ṣun nínú oṣù Ògún, láàárín èrò àti ìlù, kò sì ráyè wo ilẹ̀ rí. Ní ọjọ́ yìí kò sí èrò. Lẹ́bàá odò, níbi tí ọyẹ́ kò rí ṣe, mọ́ọ̀sì ṣì tutù minijọ lórí òkúta. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kàn án, ó ní, "Tìmùtìmù." Ó wá rí nǹkan kan, ó pè mí. Àárín tìmùtìmù yẹn ni ewéko kan ti yọrí, ewé rẹ̀ méjì péré, tó ń dán. Mo tẹ̀ ba, mo wò ó dáadáa. Ọ̀pọ̀tọ́ ni.

Kò sí igi ọ̀pọ̀tọ́ lórí òkúta náà, kò sì sí ẹni tó lè gun ibẹ̀ lọ gbìn ín. Wóró ọ̀pọ̀tọ́ kò tóbi ju yanrìn lọ. Ohun tó jẹ èso rẹ̀ ló gbé e wá, yálà ẹyẹ, ọ̀bọ tàbí àdán. Ọmọ náà kò béèrè lọ́wọ́ mi èwo ni. Ó jókòó sórí gbòǹgbò kan, ó yọ ìwé rẹ̀, ó fi ìlà pa "ẹyẹ òru" àti "ìdọ̀tí ara ògiri" rẹ́. Ó wá fa àpótí kan sísàlẹ̀, lábẹ́ ìlà tó ya àwọn méjèèjì, ó sì ya ewé méjì yẹn sínú rẹ̀.